Hítà inú tírélà wa: mo ti sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ èmi ni mo ṣe é

Dọ́là 385 ni mo san lóṣù kẹfà fún àwọn tó ní àwọn tún hítà tírélà wa ṣe. Ìwé owó náà ṣì wà nílé wa títí di òní. Ohun tí wọ́n kọ sí i ò ju ìlà mẹ́ta lọ: wọ́n fọ táńkì hítà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n yí ọ̀pá anode rẹ̀ padà. Ẹ fi ìlà kẹta yẹn sọ́kàn. Òun ló bí mi nínú tí mo fi jókòó kọ eléyìí.

Tírélà tí mò ń wí kì í ṣe èyí tó ń kó sìmẹ́ńtì o. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé mo ti ra tírélà, àdúrà ni wọ́n kọ́kọ́ gbà fún mi, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá béèrè ta ni yóò máa wà á lọ sí Kánò. Ilé kékeré orí táyà ni, ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní ìdáná, ó ní balùwẹ̀, mọ́tò ló sì ń fà á lẹ́yìn. San Antonio là ń gbé, ní Texas. Táwọn ọmọ bá ti gba ìsinmi iléèwé, a ó forí lé etí odò Frio, ní Garner State Park, a ó lo ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin níbẹ̀. Hítà tó ń bá wa mú omi gbóná ò tóbi, gálọ́ọ̀nù mẹ́fà péré ló ń gbà. Ó lè lo gáàsì, ó sì lè lo iná mànàmáná.

Omi San Antonio le. Inú òkúta ẹfun lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí wọ́n ń pè ní Edwards Aquifer, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ẹfun yẹn á bá omi wá sínú kẹ́tùlù, á lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, á kó sínú hítà. Ìyẹn ti mọ́ wa lára. Èyí tí kò mọ́ wa lára ni òórùn. Lóṣù karùn-ún, ìyàwó mi wọlé lọ wẹ̀, ó ṣí omi gbóná, ló bá tún jáde láìwẹ̀. Ó ní, "Bàbá Tóólá, ẹyin wo ló di ọ̀bu síbí?" Mo wọlé, mo gbọ́ òórùn náà, mo jáde.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe. Wọ́n dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo san 385. Òórùn lọ. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ó padà dé, ó tiẹ̀ tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìdí hítà sì ń ta pàràpàrà bí àgbàdo tí wọ́n ń yan. Mo pè wọ́n. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ làwọn fi ń dúró lẹ́yìn iṣẹ́ àwọn, pé mo sì ti fi ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Ọjọ́ mẹ́rin! Mo ní ó dáa, ẹ ṣeun. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé èmi fúnra mi á tú u.

Kí ni ọ̀pá anode? Táńkì tiwa, irin ni. Omi sì máa ń jẹ irin. Wọ́n wá ki ọ̀pá kan bọ inú omi náà, magnesium tàbí aluminium, nítorí pé omi á kọ́kọ́ jẹ ìyẹn kó tó kan táńkì. Òun ni wọ́n fi ṣe ètùtù. Bó bá ti jẹ ẹ́ tán, táńkì ló kàn. Òórùn náà ní tirẹ̀, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú ò lè rí ló ń fà á. Wọ́n máa ń wà nínú omi, magnesium sì máa ń mú kí iṣẹ́ wọn yá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ọ̀pá aluminium tó ní zinc nínú, dọ́là 18.

Bí a ṣe ń pa gáàsì, bí a ṣe ń ti omi, bí a ṣe ń ṣí ẹ̀rọ omi gbóná kí agbára inú táńkì lè rọlẹ̀, mi ò ní fìyẹn dà yín láàmú, ó wà nínú ìwé tó bá hítà wá. Ẹ ṣáà jẹ́ kó tutù mọ́jú. Ẹni tó bá ṣí ìdí hítà gbígbóná, omi á bó o lápá. Mo pa iná náà, tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo pa á. A máa débẹ̀.

Wàhálà wá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá yìí ní orí bíi nọ́ọ̀tù ńlá, orí yẹn náà ló sì dí ihò tí omi táńkì ń gbà jáde. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ínṣì 1 1/16. Àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì mi, àwọn irin oníhò tí wọ́n ń kì bọ orí nọ́ọ̀tù láti tú u, parí sí ínṣì kan géérégé. Mo mú sípánà tí à ń fẹ̀ tí à ń sún, kò ráyè wọlé dáadáa nítorí páìpù iná gáàsì tó wà lókè ibẹ̀. Nígbà tó fi máa wọlé, ó yọ̀, ó sì há igun kan jẹ lára orí náà. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ra sọ́kẹ́ẹ̀tì 1 1/16 ní dọ́là 14. Ó bọ́ sí i, mo fi agbára tẹ̀ ẹ́, òun náà yọ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó wo inú rẹ̀: igun méjìlá ló ní, orí nọ́ọ̀tù sì ní mẹ́fà. Ẹ má ra olígun méjìlá fún iṣẹ́ yìí láéláé. Etí nọ́ọ̀tù nìkan ló ń dì mú, etí tí mo sì ti há jẹ nìyẹn.

Mo pe ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe mọ́tò ní Houston.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Àbúrò, ilé ńkọ́? Ìyàwó àtàwọn ọmọ ńkọ́? Kí ló dé tí o ń mí hẹlẹ-hẹlẹ báyìí?"

Mo ròyìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Sọ́kẹ́ẹ̀tì mìlímítà 27 tí mo fún ẹ lọ́jọ́ tí a tú ẹsẹ̀ mọ́tò rẹ dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ínṣì ni wọ́n fi wọn eléyìí."

"Kọ́kọ́ lọ kì í bọ̀ ọ́ ná, kí o tó máa bá mi sọ̀rọ̀ ínṣì."

Inú búùtù mọ́tò ló wà látẹ̀yìnwá, lábẹ́ táyà ìpààrọ̀. Mo kì í bọ orí nọ́ọ̀tù náà, ó sì bọ́ sí i bí ìdérí ìkòkò. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà: mìlímítà 26.99 ni ínṣì 1 1/16. Igun mẹ́fà ló sì ní. Mi ò lè ṣàpèjúwe bí inú mi ṣe dùn, tó sì tún bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àmọ́ kò yí. Mo fọ́n òróró tí wọ́n fi ń tú irin tó ti dógùn-ún sí i, mo fi sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún fọ́n ọn, mo fi ẹsẹ̀ ti táyà, mo fà á. Odindi tírélà ń mì. Ìyàwó mi pariwo látinú ilé, "Ṣé ẹ ò ní bi ilé ṣubú báyìí?" Ẹ̀rù ń ba èmi náà, nítorí ògiri àwọn ilé yìí fẹ́lẹ́. Mo rò ó pé táńkì lè fà yọ pẹ̀lú fírémù rẹ̀. Mo tún pe ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní, "Kì í ṣọ̀rọ̀ agbára, ọ̀rọ̀ gígùn ni. Wá irin gígùn kan fi gùn ún lọ́wọ́. Má jà á o. Rora máa tẹ̀ ẹ́ lọ bí ẹni ń gún ẹ̀rọ arànṣọ, kó o mú un dúró síbẹ̀."

Páìpù irin ọgbà tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni mo rí. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà funfun kan láti orí nọ́ọ̀tù dé ara táńkì kí n lè mọ̀ bó bá sún. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo mú un dúró. Òógùn ń kán sí mi lójú. Ìgbà tó yá, ó dún "káá!" Àyà mi já. Mo ní ó tán, mo ti ṣẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo wolẹ̀ wò ó: ìlà funfun méjèèjì ti fi ara wọn sílẹ̀, àlàfo àárín wọn tó ìbú ìka kan. Igbe tí mo ké, ajá aládùúgbò dá mi lóhùn.

Mo yọ ọ́. Wáyà ló jáde. Ọ̀pá tuntun nípọn bí àtàǹpàkò, ó sì gùn tó ínṣì mẹ́sàn-án. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, wáyà lásán ni, tí kókó kan bí ẹ̀pà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ọ̀pá tí wọ́n ní àwọn yí padà lóṣù kẹfà nìyẹn.

Ẹ lè ní omi le ló jẹ ẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta. Èmi náà kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀ kí n má baà parọ́ mọ́ni. Àmọ́ omi ò lè jẹ téèpù funfun tí àwọn pulọ́ńbà ń yí mọ́ ẹnu irin, kò sì sí ìfọ́ kan rẹ̀ níbẹ̀. Ìpáàrà pupa tó ti gan ló kún inú ìlà ẹnu rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti wá le jù nìyí: ihò yẹn nìkan ni ẹfun gbà ń jáde nínú táńkì. Tí wọn ò bá ṣí i, ibo ni wọ́n gbà fọ̀ ọ́? Ìlà kẹta inú ìwé owó lọ, ìlà kìíní tẹ̀ lé e. Bóyá wọ́n da ìwọ̀nba oògùn apakòkòrò sínú omi, tí òórùn fi sá fún ìgbà díẹ̀. Bóyá.

Ohun tó jáde nígbà tí mo fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ fọ́n omi sínú rẹ̀, ẹ ò ní gbà gbọ́. Ìpẹ́pẹ́ funfun, bí èèpo ẹyin tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kún ìdajì báàfù àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin mi wò ó, ó ní, "Dádì, ṣé gaàrí ni?" Mo fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́ gaara, mo yí téèpù mọ́ ẹnu ọ̀pá tuntun, mo dì í. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ya fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n.

Ká wá padà sórí iná. Ibi méjì ni wọ́n ti ń tan hítà yìí. Bọ́tìnnì gáàsì wà nínú ilé, ti iná mànàmáná wà níta, dúdú, kékeré, ó sá pamọ́ sí igun ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn hítà. Ti inú ilé ni mo pa. Nígbà tí mo ń fọ táńkì, oòrùn mú, mo so tírélà mọ́ iná ilé kí ẹ̀rọ amúlétutù lè ṣiṣẹ́. Táńkì ò ní omi kankan. Irin tó ń gbóná nínú rẹ̀ sì gbóná lófìfo, ó jó. Kò dún, kò rú èéfín. Ìgbà tí mo da omi kún un tán tí mo fẹ́ fi ìgbéraga wẹ̀ ni mo mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo tún da omi nù, mo ra irin tuntun ní dọ́là 24 àti sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní 13. Mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n.

Gbogbo owó tí mo ná, pẹ̀lú àwọn nǹkan kéékèèké tí mi ò dárúkọ iye wọn, jẹ́ dọ́là 89. Nínú rẹ̀, 51 jẹ́ owó òmùgọ̀ tèmi. Tí mo bá tún fẹ́ ṣe é lónìí, bọ́tìnnì dúdú yẹn ni ọwọ́ mi máa kọ́kọ́ kàn, mi ò sì ní tan iná padà títí omi á fi máa tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ omi gbóná láìsí afẹ́fẹ́ tó ń ta nínú rẹ̀. Kí ẹ tó ra ọ̀pá, ẹ kọ́kọ́ wo ìdí hítà tiyín. Tó bá jẹ́ ike ni wọ́n fi dí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ táńkì aluminium. Irú ìyẹn kì í lo ọ̀pá, ẹ má fi tipátipá kì í bọ̀ ọ́.

Mo fi wáyà náà sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ fún wọn pẹ̀lú ìwé owó. Ọ̀gá wọn wo wáyà, ó wo ìwé, ó tún wo wáyà. Ó ní òun á pè mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé.

Omi ò rùn mọ́. Ilẹ̀kùn kékeré tó bo hítà ni kò dé mọ́ látìgbà tí páìpù ọgbà ti gbá a, téèpù dúdú ni mo fi lẹ̀ ẹ́.