Bí o ṣe lè kọ ìtàn ayé olùkọ́ tó tún jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá bésíbọ́ọ̀lù

Nígbà tí ọ̀gá tó kọ́ wa ní ìṣirò ní Houston papòdà, èmi ni ìyàwó wọn ní kí n kọ ìtàn wọn fún ìsìnkú. Bí irú iṣẹ́ yìí bá já lé ọ lọ́wọ́, má fi ọjọ́ ìbí bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ojú rẹ rí ni kó o fi ṣíde. Ṣọ́ọ̀kì tó máa ń wà ní ìka wọn àti eruku pápá tó máa ń wà lára bàtà wọn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ tèmi.

Lẹ́yìn náà, kọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Wọ́n kó wa lọ sí pápá: igun mẹ́rin tí eléré máa ń sáré yí ká ni béèsì, ẹsẹ̀ bàtà 90 ló sì wà láàárín béèsì kan sí èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ká ṣírò bí ibi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù ṣe jìnnà tó ní tààrà sí béèsì kejì, tó wà ní igun tó dojú kọ ọ́. Ó lé díẹ̀ ní 127. Ọjọ́ yẹn ni òfin Pythagoras, èyí tí wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́ta, yé mi.

Pe àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ wọn. Má bi wọ́n pé irú èèyàn wo ni ọ̀gá. “Èèyàn dáadáa” ni gbogbo wọn máa sọ. Bi wọ́n pé: “Kí ni wọ́n sọ fún ọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fìdí rẹmi?”

Kà á sókè kí ọjọ́ tó pé. Tèmi gba ìṣẹ́jú 11. Mo gé e sí 5, ṣùgbọ́n mi ò yọ eruku bàtà yẹn.