Bí Mo Ṣe Ta Ìgbòkun Lórí Omi Ẹlẹ́yẹlé

"Bí afẹ́fẹ́ bá gbé ọkọ̀ lọ, ta ni yóò gbé e padà?" Ohun tí bàbá apẹja tó yá mi ní ọkọ̀ wọn bi mí nìyẹn. Ọjọ́ méjì gbáko ló gbà mí kí n tó rí èsì.

Nínú oṣù kẹjọ ni, nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀. Láti 1942 tí wọ́n ti sé Odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé, n'Íbàdàn, ni adágún náà ti wà, àjẹ̀ nìkan ni mo sì máa ń rí tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ lórí rẹ̀.

Mo fẹ́ dán ìgbòkun wò, ìyẹn aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kún kó lè gbé ọkọ̀ lọ. Mo ra pákó ní Bódìjà, mo sì gé ọparun méjì. Èyí tó gùn ni òpó ọkọ̀. Ìkejì dábùú sí ìdí òpó, òun ló na ìsàlẹ̀ ìgbòkun. Tapólì ni mo gé ní igun mẹ́ta fi ṣe ìgbòkun. Okùn kan ń fà á gòkè. Òmíràn so mọ́ ọparun ìsàlẹ̀, èyí tí èèyàn ń fà tàbí kó dẹ̀ ẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá ṣe wá. Sheet ni àwọn atukọ̀ elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe okùn yìí, kì í ṣe aṣọ. Ẹ má so ó mọ́ nǹkan kan láé! Ọwọ́ ni kó wà. Bí ìjì bá dé lójijì, tí ẹ jù ú sílẹ̀, ìgbòkun á kàn máa gbọ̀n pẹpẹ, agbára á tán nínú rẹ̀, ọkọ̀ ò ní dojú dé. Èmi àti bàbá la jọ lọ, àwa méjèèjì sì wọ ẹ̀wù amúniléfòó.

Àlọ rọrùn. Afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn wa, mo dẹ okùn títí ìgbòkun fi yọ síta gbalaja, àjẹ̀ tí mo tẹ̀ sínú omi ní ìdí ọkọ̀ ni mo fi ṣe ìtọ́kọ̀. Ohun kan ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún: bí ìdí ọkọ̀ bá yí gba ojú afẹ́fẹ́ kọjá, ọparun ìsàlẹ̀ á fò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Ó gbá mi léjìká. Ká ní orí ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Láti ìgbà náà, kí n tó yí, màá fa okùn wọlé, màá sì ké sí bàbá pé, "Ẹ bẹ̀rẹ̀, sà!"

Àbọ̀ ni wàhálà. Mo kọ imú ọkọ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ gan-an. A ò kúrò lójú kan. Kò sí ìgbòkun tó lè gbé ọkọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yà tó nǹkan bíi dígírì 45 sí ọ̀tún tàbí òsì. Mo yà, ìgbòkun kún, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ la ń fi rìn títí a fi wọ inú koríko. Bàbá gbé àjẹ̀, wọ́n wà wá padà láìsọ nǹkan kan.

Òru ló yé mi. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ apẹja tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọkọ̀ ìgbòkun gidi ní pákó tàbí irin tó rì sínú omi lábẹ́ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi á di pákó náà mú, iwájú nìkan ló máa kù tí ọkọ̀ lè yọ sí, bí kóró àgbálùmọ̀ tútù ṣe ń yọ lọ bí a bá fi ìka méjì fún un. Lọ́jọ́ kejì, mo fi igi dábùú ọkọ̀, mo so pákó kọ̀ọ̀kan rọ̀ sínú omi ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń ti ọmọlanke gun òkè Mápó? Kì í gùn ún gbọnrangandan. Á yà sí ọ̀tún, á yà sí òsì, òkè náà ló sì ń gùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Mo fa okùn títí ìgbòkun fi dẹ́kun gbígbọ̀n. Bí a bá ti sún mọ́ koríko, màá yí imú ọkọ̀ gba inú afẹ́fẹ́ kọjá kíákíá, torí ọkọ̀ tó bá lọ́ra níbẹ̀ á dúró pa. Ìgbòkun á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, a ó tún máa lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án la yí. Lẹ́yìn ìkarùn-ún, bàbá na ọwọ́ sí mi: "Gbé okùn yẹn wá, ọmọ mi." Àwọn ló tukọ̀ dé èbúté.