Bí mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ ní húùkù páàsì

Ọmọbìnrin kan nínú àwọn tí mò ń kọ́ ní básíkẹ́tì ní Yábà ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Kò ga rárá, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ yá gan-an, ìṣòro ẹ̀ ni pé táwọn àgùntàṣọọ́lò méjì bá ti há a mọ́ igun, ó ti tán nìyẹn, á kàn di bọ́ọ̀lù mọ́yà títí sẹ́kọ́ǹdù 5 á fi pé tí rẹfirí á fọn fèrè. Mo ní húùkù páàsì ló máa yọ ọ́, páàsì àtijọ́ téèyàn kì í sábà rí mọ́, ọwọ́ kan lèèyàn fi ń jù ú gba orí ara ẹ̀ kọjá.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ò dáa. Gbogbo wọn ló ń ká ìgúnpá kò, bọ́ọ̀lù ń lọ gbá ẹni tó ń máàkì wọn láyà. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé ọwọ́ nìkan ni mo kọ́ wọn, mi ò kọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

Mo bá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wọn. Mo ní: ẹ fẹ̀gbẹ́ dúró, èjìká òsì ni kẹ́ ẹ kọ sẹ́ni tó ń máàkì yín, bọ́ọ̀lù á wà lọ́wọ́ ọ̀tún níbi tí ọwọ́ ẹ̀ ò lè dé, ẹ fẹsẹ̀ òsì fò, apá ọ̀tún á nà tààrà láti ìbàdí lọ sókè bí ẹni ń ju aṣọ sórí okùn, tó bá ti ré orí kọjá lẹ máa wá ṣẹ́ ọrùn ọwọ́. Bọ́ọ̀lù sì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó balẹ̀ o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ travelling ni, ìyẹn kéèyàn gbé bọ́ọ̀lù rìn.

Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn ló jẹ́ kí n so okùn gidi mọ́ òpó méjì, ó ga ju ọwọ́ tí mo nà sókè lọ díẹ̀, kí wọ́n máa jù ú kọjá séra wọn. Ibẹ̀ ló ti yé wọn. Mo tún gba bọ́ọ̀lù saisi 7 lọ́wọ́ àwọn obìnrin, mo fún wọn ní 6 tó jẹ́ tiwọn. Ọmọkùnrin tó ń gbá hándíbọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, mo wá sọ fún wọn pé hándíbọ́ọ̀lù ni Hakeem Olajuwon náà ń gbá l'Ékòó níbí kó tó mọ básíkẹ́tì, kí Houston Rockets, ẹgbẹ́ kan nínú NBA l'Amẹ́ríkà, tó mú un ṣe ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn eléré tuntun lọ́dún 1984. Ojú wọn là!

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta wọ́n tún há ọmọ yẹn mọ́ igun. Ó yí èjìká, ó fò, bọ́ọ̀lù gba orí àwọn méjèèjì bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkejì ẹ̀ lábẹ́ agbọ̀n. Ìyẹn sọ ọ́, kò wọlé, àmọ́ èmi ti ń pariwo ní tèmi. Ọwọ́ òsì la kàn báyìí.