Iyọ̀ tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ gòkè: ìbéèrè olóko ẹ̀fọ́ etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ìbéèrè: Láti oṣù kejìlá ni etí ewé tòmátò mi ti ń gbẹ bí ẹni pé iná rà á. Ilẹ̀ tutù, síbẹ̀ tó bá di ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ á rọ. Ṣé kòkòrò ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe kòkòrò. Láàárọ̀, kí ẹ tó bomi rin ín, ẹ wo góńgó ebè yín dáadáa. Bí nǹkan funfun bá yi mọ́ ọn bí ìyẹ̀fun, ẹ fi ahọ́n kàn án: iyọ̀ ni. Níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ kò bá jìn ju mítà kan sí mítà kan àbọ̀ lọ, ó máa ń fà gòkè bí epo àtùpà ṣe ń gun òwú. Oòrùn á gbé omi lọ, iyọ̀ á ṣẹ́kù. Iyọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà, lòùngbẹ fi ń gbẹ ewéko nínú ilẹ̀ tútù. Àwọn ewé ìsàlẹ̀ tó ti gbó ló ń kọ́kọ́ jó. Àmọ́ bí gbòǹgbò bá dúdú tó sì ń rùn, omi ló rì í, ìyẹn yàtọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni mo ń fi omi kànga bomi rin ín, kò sì yí padà.

Ìdáhùn: Kànga yẹn gan-an ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ inú omi. dS/m ni ìwọ̀n tó ń fi bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó hàn. Bí ó bá fi 0.7 dS/m hàn tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, kò séwu. Bó bá ju 3 lọ, ọ̀ràn ti dé. Omi 3 dS/m gbé iyọ̀ tó gíráàmù 2 nínú lítà kan. Agolo ìbomirin lítà 10, mẹ́fà lójúmọ́ lórí ebè kan, gíráàmù 120 nìyẹn. Lóṣù kan, ó lé ní kílò mẹ́ta àbọ̀. Ta ni yóò mọ̀ọ́mọ̀ da ìyẹn sórí tòmátò?

Ìbéèrè: Ṣé kí n gbẹ́ ẹ jìn sí i ni?

Ìdáhùn: Rárá o! Omi dídùn fúyẹ́, orí omi oníyọ̀ ló dúró sí. Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ jìn, tàbí tí ẹ fi ẹ̀rọ fà á gbẹ, ẹ pe oníyọ̀ gòkè nìyẹn. Ẹ gbẹ́ kànga kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta tó jìnnà síra, kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì sá lọ bá ọ̀sà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn: omi òkun ń gba Kútọnu wọlé, àfi ìgbà tí odò Ouémé bá kún kó tó dùn. Bí ewéko jacinthe tó ń léfòó lórí rẹ̀ bá ti ń pọ́n, iyọ̀ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, ẹ fi omi náà sílẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa tún ebè náà ṣe?

Ìdáhùn: Omi dídùn nìkan ló ń fọ iyọ̀. Lítà 150 lórí mítà kan níbùú-lóròó máa ń dín in kù sí ìdajì nínú ilẹ̀ tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30. Òjò oṣù kẹfà sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí omi náà kò bá rọ́nà jáde, asán ni: yóò padà gòkè. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ la kòtò yí ebè ká, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 50, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ rẹ̀ gbé ebè ga. Ẹ̀gbẹ́ ebè ni kí ẹ gbìn sí, torí góńgó ni iyọ̀ ń rọ́ lọ. Ẹ fi koríko gbígbẹ bò ó. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù àti eérú náà ní iyọ̀ tiwọn, ẹ rọra.

Kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà kì í gba iyọ̀ rárá, ata ò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù wọ́n lọ. Tòmátò ń fara dà á díẹ̀. Ẹ̀wà ló lágbára jù nínú wọn. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn síbẹ̀.