Bí mo ṣe rí ft2build.h tí gcc ní kò sí

Àbúrò mi kan ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀, ń fi èdè C kọ prógíráàmù tí yóò máa ya lẹ́tà Yorùbá, tòun ti àmì orí àti àmì ìdí, sójú kọ̀ǹpútà. Ubuntu, ẹ̀yà Linux kan, ló ń lò. Ohun tí gcc, prógíráàmù tó ń sọ kóòdù C di èyí tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, sọ fún un rèé:

fatal error: ft2build.h: No such file or directory

Fáìlì FreeType, àkójọ kóòdù tó ń bá prógíráàmù ya lẹ́tà, ni ft2build.h. "Ẹ̀gbọ́n, FreeType mà wà lórí ẹ̀rọ yìí o!" Kò parọ́. Ìdìpọ̀ tó ń jẹ́ libfreetype6 wà níbẹ̀, àmọ́ ti ẹni tó kàn fẹ́ lo prógíráàmù nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ kọ tirẹ̀ nílò èyí tó ní -dev lẹ́yìn, torí inú rẹ̀ ni fáìlì .h, tó ń júwe iṣẹ́ inú àkójọ kóòdù fún gcc, máa ń wà. Lórí Fedora, Linux mìíràn, -devel ni.

sudo apt install libfreetype-dev

A tún un ṣe, gcc tún kọ̀. Ibí yìí ló máa ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn lágara. Mo bá bi dpkg, tó mọ ibi tí fáìlì ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, léèrè:

dpkg -L libfreetype-dev | grep ft2build

Ó ní /usr/include/freetype2/ft2build.h. Háà! gcc máa ń wo /usr/include fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í yọjú sínú fódà tó wà nínú rẹ̀ àfi tí wọ́n bá júwe ọ̀nà fún un. Ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kọ ọ̀nà yẹn, pkg-config, prógíráàmù tó ń sọ ibi tí àkójọ kóòdù wà, mọ̀ ọ́n:

gcc leta.c -o leta $(pkg-config --cflags --libs freetype2)

Bó ṣe gbà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí leta.c ṣáájú o. Tó bá kẹ́yìn, "undefined reference", ìyẹn ni pé wọn ò rí iṣẹ́ tí kóòdù yín pè, ló kù tí yóò máa yọ yín lẹ́nu.