2 tí kì í ṣe lítà 2: ohun tí ojú mi rí kí n tó lè fi ọ́síjìn jáde nílé

Owó tí mo san lórí ẹ̀rọ ọ́síjìn àgbérìn àkọ́kọ́ ṣì ń ká mi lára títí dòní. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi ọmọkùnrin tó tà á fún mi kí n tó sanwó: "Ṣé 2 tó wà lójú ẹ̀rọ yìí àti lítà 2 tí dókítà kọ fún mi, ọ̀kan náà ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀kan náà ni, Mọ́mì. Ẹ fọkàn balẹ̀." Ọ̀kan náà kọ́ o! Ẹni tí COPD (àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó ń mú kí ọ̀nà èémí há) tàbí àrùn ẹ̀dọ̀fóró mìíràn bá ti sọ di ẹni tó ń fi ọ́síjìn mí bíi tèmi, kó jọ̀ọ́ fara balẹ̀ ka èyí kó tó ná owó rẹ̀.

Ti inú ilé ò le. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ mi kì í kọjá ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún bí mo tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, dókítà sì gba ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ mi kó lè dá a lójú. Ó kọ lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán wákàtí 15 lójúmọ́, oorun alẹ́ wà nínú ẹ̀. Mo janpata pé wákàtí 15 ti pọ̀ jù. Ó ní láti 1980 àti 1981 ni ìwádìí méjì, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi hàn pé àwọn tó ń lò ó fún wákàtí púpọ̀ ń pẹ́ láyé ju àwọn tó ń lò ó díẹ̀ tàbí tí wọn ò lò ó rárá. Mo panu mọ́. Ó tún kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ ara mi yí i sókè, pé 88 sí 92 ni a ń wá, nítorí pé ọ́síjìn àpọ̀jù lè mú kí afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ẹ̀dọ̀fóró tú jáde máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀ irú wa.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ ńlá wá, wọ́n kì í bọ iná, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, èyí tí ọ́síjìn inú rẹ̀ kò ju ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ń yọ náítírójìn kúrò, ohun tó ń tú jáde sì ń sún mọ́ ọ́síjìn pọ́ńbélé. Ó ń kùn bíi fíríìjì tó ti darúgbó, nítorí náà mo gbé e sí ọ̀ọ̀dẹ̀, mo fa rọ́bà gígùn wọ yàrá. Ó ń jẹ iná tó wáàtì 350. Ẹ fi wákàtí 15 ṣírò rẹ̀ kí owó iná tó wá ṣírò yín. Etí mi bó, mo fi kànìnkànìn wé rọ́bà níbi tó ti ń ha á. Imú mi gbẹ, nọ́ọ̀sì ní kí n má fi ìpara ọlọ́ràá sí i nítorí iná, gẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi omi ṣe ni kí n lò. Mo ń fọ asẹ́ ẹ̀rọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ń jìnnà sí iná ìdáná. Láàárín ìgbà díẹ̀, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ yẹ rọ́bà láìwolẹ̀. Àwọn ọmọ mi ṣì ń kọsẹ̀ níbẹ̀; èmi ò kọsẹ̀ mọ́.

Jíjáde ni wàhálà. Sílíńdà ọ́síjìn tí wọ́n fún mi wúwo, ó sì ń tètè tán, ni mo bá ní kí n ra ẹ̀rọ kékeré alábátìrì tí mo lè gbé kọ́ èjìká. Kò ju bíi kílò 2 lọ. Ó rẹwà, kò pariwo. Mo fi sórí 2, mo jáde. Mi ò tíì dé òpin òpópónà tí ojú mi ti ń ṣú. Mo ki oximeter, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, bọ ìka, ó ní 84.

Mo pe olùtajà. Ó ní bóyá ìka mi ló tutù. Mo fọwọ́ ra ọwọ́ títí tó fi gbóná, 84 náà ni. Ó ní bóyá mo kun èékánná. Ta ló ń kun èékánná? Nígbà tó yá, ó rọ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú mà, bóyá àìsàn yẹn ló ń tẹ̀ síwájú." Ọ̀rọ̀ yẹn dé ibi tí kò yẹ kó dé. Mo sun oorun àìsùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi tí ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn alárùn ẹ̀dọ̀fóró ló tú àṣírí. Ó ní kí n fi sílíńdà rìn lójú òun, lórí lítà 2: 91. Mo sinmi, mo tún fi ẹ̀rọ kékeré rìn ọ̀nà kan náà: 84. Ó ní, "Mà, àìsàn yín wà níbi tó wà. Ẹ̀rọ yìí ni kò tó yín."

Ohun tó ṣàlàyé nìyí. Ẹ̀rọ ńlá ń tú ọ́síjìn láìdúró, bí èèyàn mí sínú, bó mí síta. Èyí kékeré ń ṣọ́ imú ni. Tó bá ti mọ̀ pé èèyàn fẹ́ mí sínú, á fọn díẹ̀ sí i, á sì dákẹ́. Nọ́ńbà ojú rẹ̀ ń sọ bí fífọn yẹn ṣe tó, kò bá lítà tan rárá, 2 ti ilé iṣẹ́ kan sì lè yàtọ̀ sí 2 ti òmíràn. Mo délé, mo tú ìwé ẹ̀rọ yẹn wò: lórí 2, milílítà 420 ló ń pèsè ní ìṣẹ́jú kan. Lítà 2 jẹ́ milílítà 2,000. Lóòótọ́, púpọ̀ nínú 2,000 yẹn ń ṣòfò nígbà tí a bá ń mí síta, àlàfo àárín wọn kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi bí nọ́ńbà ṣe sọ ọ́. Àmọ́ bí mo bá ń rìn, tí mò ń mí léraléra, 420 kan náà ni á máa pín sí èémí púpọ̀, fífọn kọ̀ọ̀kan á sì kéré sí i. Ìgbà tí mo nílò rẹ̀ jù ló ń ṣahun. Ẹni tó bá sì ń fi ẹnu mí lójú oorun, ẹ̀rọ náà lè má mọ̀ pé ó ń mí.

Olùtajà ní ohun tó bá ti kan imú oníbàárà, òun ò lè gbà á padà. Mo ní kó kọ ìyẹn sílẹ̀, kó sì kọ ọ́ mọ́ ọn pé òun sọ fún mi pé 2 jẹ́ lítà 2. Kò fẹ́ kọ ọ́. Àríyànjiyàn yẹn pẹ́ ju gbogbo ohun yòókù lọ: lónìí ọ̀gá kò sí nílé, lọ́la ìwé ti sọ nù. Ọmọ mi obìnrin ní kí n fi í sílẹ̀, mo ní mi ò fi í sílẹ̀. Mo mú èsì ìrìn tí nọ́ọ̀sì kọ sórí ìwé lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wọn, rọ́bà nímú mi, àwọn oníbàárà tuntun ń wò mí. Ọ̀gá yọjú.

Wọ́n gbà láti pàrọ̀ rẹ̀, mo sì fi owó lé e, èyí tó bí mi nínú jù. Ẹ̀rọ tuntun ń tú lítà 2 láìdúró. Kílò 8 ni, táyà ló wà nídìí rẹ̀, bátìrì rẹ̀ kì í ju bíi wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo fi rìn dé òpin òpópónà, mo sì fi rìn padà, 90.

Ẹ̀rọ kékeré náà kò burú fún gbogbo èèyàn. Ó ń tó àwọn mìíràn dáadáa. Ẹ ṣáà má sanwó kí ẹ tó fi ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà gan-an rìn, oximeter níka, kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà máa wò yín. Ẹ ní kí dókítà kọ ọ́ sínú ìwé bóyá aláìdúró ni ẹ nílò tàbí afọnfọn. Ẹ bi wọ́n ní iye bátìrì kejì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Wọ́n ṣèlérí ọ̀kan fún mi láti fi pẹ̀tù sí mi nínú. Mò ń retí rẹ̀.