Pípààrọ̀ Kúláǹtì Ọkọ̀ Tí Ó Ti Pẹ́ Lórí Títì

Ohun tí ó ń tan ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹ nípa kúláǹtì, ìyẹn omi alóògùn tí ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, ni pé kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ṣí ìdérí rédíétọ̀, tí wọ́n sì rí i pé omi kún dé ẹnu, wọn a gbà pé kò sí ohun tí ó kù láti ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kúláǹtì lè kún dẹ́múdẹ́mú kí agbára rẹ̀ sì ti tán. Glycol inú rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí omi tètè hó tàbí kí ó dì, kì í yára bàjẹ́. Àwọn èròjà tí ń dáàbò bo irin lọ́wọ́ ìdógùn-ún ni wọ́n ń tán díẹ̀díẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sì tán, omi náà gan-an yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ rédíétọ̀, pọ́ǹpù omi àti orí ẹ́ńjìnnì, pàápàá bí orí náà bá jẹ́ alumíníọ̀mù. Irú kúláǹtì àtijọ́, tí ó sábà máa ń ní àwọ̀ ewé, kì í ju nǹkan bí ọdún 2 lọ kí ó tó yẹ ní pípààrọ̀. Irú tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní OAT (Organic Acid Technology) nítorí irú èròjà ààbò tí ó wà nínú rẹ̀, lè tó ọdún 5. Ẹ má ṣe fi àwọ̀ nìkan mọ irú tí ẹ óò rà, nítorí pé aró lásán ni àwọ̀ náà, olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ ni ó sì ń yan tirẹ̀. Ohun tí ìwé ìlànà tí ó bá ọkọ̀ wá bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ má sì po irú méjì pọ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti tutù pátápátá. N kò sọ pé kí ẹ dúró fún wákàtí kan. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú. Nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná, ìfúnpá tí ó wà lábẹ́ ìdérí rédíétọ̀ ni kì í jẹ́ kí kúláǹtì hó, bí ooru rẹ̀ tilẹ̀ kọjá 100°C. Ẹni tí ó bá ṣí ìdérí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ti tú ìfúnpá náà sílẹ̀, kúláǹtì yóò hó lójijì, yóò sì ta sí i lójú àti láyà. Ẹ tún yọ wáyà kúrò lórí bátìrì níbi tí àmì ìyọkúrò wà, nítorí pé nínú àwọn ọkọ̀ kan, fáànù tí ń lo iná lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tan ọkọ̀.

Ohun èlò kò pọ̀: pínláyà fún kílíìpù, sípánà, ọpọ́n fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó lè gba nǹkan bí lítà 10, àrọ tí a fi ń da omi, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àti ike tí a sàmì lítà sí lára. Ọpọ́n náà kì í ṣe èyí tí ẹ óò tún lò ní ilé ìdáná. Ethylene glycol jẹ́ májèlé tí ó dùn lẹ́nu, adùn yìí ni ó sì ń fa ajá, ológbò àti ọmọdé mọ́ ọn. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè pani. Nítorí náà, ẹ nu gbogbo ohun tí ó bá kán sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì fi kúláǹtì pa mọ́ sínú ike omi mímu láé.

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kí ẹ yí ìdarí hítà sí ibi tí ó gbóná jù lọ kí fáàfù rẹ̀ lè wà ní ṣíṣí, kí ẹ sì ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ní ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ ni ẹ óò ti rí ìdè kékeré kan tí a ń yí bí ìdérí ìgò, tí ó sábà máa ń jẹ́ ike. Ẹ ṣọ́ra fún un. Ike tí ó ti fara gba ooru fún ogún ọdún a máa rún bí ìkarahun ẹyin. Nígbà kan, àìnísùúrù mú kí n fi pínláyà yí ọ̀kan. Ìdajì rẹ̀ jáde, ìdajì kejì há sínú rédíétọ̀, mo sì fi gbogbo ọ̀sán yọ ọ́. Láti ìgbà náà, bí ìdè náà kò bá gbà pẹ̀lú ìka ọwọ́, họ́ọ̀sì ńlá ìsàlẹ̀ ni mo ń yọ. Omi yóò tú yàà lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì fọ́n ká díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò ṣẹ́. Bí họ́ọ̀sì náà bá ti lẹ̀ mọ́ ẹnu irin, ẹ yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì títí yóò fi tú. Ẹ má fi ipá fà á, nítorí pé ẹnu rédíétọ̀ oníke lè ya.

Ẹ wo ohun tí ó jáde dáadáa, kí ẹ sì wọn ín. Bí ó bá pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, ìdógùn-ún ti wà nínú ẹ́ńjìnnì. Bí òróró bá léfòó lórí rẹ̀, tàbí tí ó ki bí wàrà, ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn awẹ́ pẹlẹbẹ tí ń dí ojú ibi tí orí náà ti pàdé ara ẹ́ńjìnnì, ti jó, ó sì yẹ kí atọ́kọ̀ṣe yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó náwó lé kúláǹtì tuntun.

Iye lítà tí ẹ wọ̀n ni yóò fi ohun tí ó fara pamọ́ hàn yín. Bí ìwé ìlànà ọkọ̀ bá sọ pé lítà 7 ni gbogbo rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé lítà 3½ ni ó wà nínú ọpọ́n, ìyókù kò lọ síbì kan: inú ẹ́ńjìnnì ni ó wà, lẹ́yìn thermostat, fáàfù kékeré tí ooru ń ṣí, tí ó ti pa ojú dé nítorí òtútù. Ẹni tí ó bá da kúláǹtì tuntun lé e ní àkókò yìí ti da omi mímọ́ pọ̀ mọ́ omi ìdọ̀tí. Thermostat kì í ṣí títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 82°C sí 90°C, nítorí náà omi tí ẹ bá kàn ń dà gba inú rédíétọ̀ kọjá kò ní fọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ lè da omi sí i, kí ẹ dé e, kí ẹ dá wáyà bátìrì padà fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tan ọkọ̀ títí họ́ọ̀sì òkè yóò fi gbóná, kí ẹ pa á, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì tún dà á nù, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta títí omi yóò fi mọ́. Ọ̀nà tí èmi fẹ́ràn jù ni kí a yọ thermostat fúnra rẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń nílò tuntun, pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ìhà tí ó ní sípíríǹgì ni kí ó kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ní ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, kí ihò náà wà lókè. Ẹ má ṣe da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tí ó ṣì gbóná, kí irin rẹ̀ má baà sán. Omi dístíìlì, ìyẹn omi tí a ti yọ iyọ̀ àti èérí inú rẹ̀ kúrò, ni kí ẹ fi ṣe ìfọ̀ ìkẹyìn, nítorí pé ohun tí ó bá ṣẹ́ kù sínú ẹ́ńjìnnì ni yóò bá kúláǹtì tuntun gbé, omi lásán sì lè fi èérún funfun sílẹ̀ nínú àwọn ihò tóóró rédíétọ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣirò. Àpòpọ̀ tí ó yẹ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́ ìdajì kúláǹtì àti ìdajì omi, èyí tí kì í dì títí di nǹkan bí −37°C. Nínú ọkọ̀ lítà 7 wa yìí, lítà 3½ omi ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ìfọ̀. Bí ẹ bá ra kúláǹtì tí wọ́n ti bu omi là tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì da lítà 3½ rẹ̀ sí i, ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan péré ni kúláǹtì gidi yóò jẹ́. Èyí tí kò ní omi nínú rárá ni kí ẹ rà. Ẹ kọ́kọ́ da ìdajì gbogbo ìwọ̀n ọkọ̀ sí i, ìyẹn lítà 3½, lẹ́yìn náà kí ẹ fi omi dístíìlì dí àyè yòówù tí ó bá kù. Bí ohun tí ó jáde kò bá tó ìdajì, ẹ ní láti tú ìdè irin tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ kí àyè tó lè tó.

Ẹ rọra dà á, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè jáde. Àwọn ọkọ̀ kan ní sukúrúù kékeré nítòsí thermostat fún ìyọ afẹ́fẹ́. Ẹ tú u títí kúláǹtì yóò fi máa ṣàn jáde láìsí ìfófòó, kí ẹ tó dè é. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá wáyà bátìrì padà, ẹ tan ọkọ̀ láìdé rédíétọ̀, kí hítà wà ní gbígbóná, kí ẹ sì máa fún họ́ọ̀sì òkè pọ̀ ní ìgbà dé ìgbà. Nígbà tí thermostat bá ṣí, omi yóò lọ sílẹ̀ lójijì. Ẹ fi kún un, kí ẹ sì dé e. Bí hítà bá ń fẹ́ atẹ́gùn tútù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, afẹ́fẹ́ ṣì há sínú rẹ̀. Bí ọwọ́ géèjì tí ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn bá ń lọ sí ibi pupa, ẹ pa ọkọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ wo rọ́bà abẹ́ ìdérí rédíétọ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá ti sán, ẹ ra òmíràn tí nọ́ńbà ìfúnpá rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Kúláǹtì tí ẹ dà nù kò gbọdọ̀ wọ gọ́tà tàbí ilẹ̀: ẹ dé e pinpin, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, kí ẹ sì gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba òróró ọkọ̀ tí a ti lò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọkọ̀ tó jí, ẹ tún wo ìwọ̀n omi inú rédíétọ̀ àti inú ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò bóyá ó kán sílẹ̀. Bí ó bá dín díẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó ṣẹ́ kù ni ó jáde. Bí ó bá tún dín ní ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti afẹ́fẹ́. Kílíìpù tí ẹ tú ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.